Ojú Tó Hàn Láti Inú Ìbòjú

Àwòdì ni wọ́n ń pè é nílé ìyàwòrán ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nítorí kò sí àbàwọ́n tó lè sá pamọ́ fún ojú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló ń ya fọ́tò, Àwòdì ló ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, tó ń tún un ṣe. Iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n ń gbé fún un kò ju kó nu rorẹ́ kúrò lójú oníbàárà, kó sì jẹ́ kí eyín ẹni funfun sí i. Ọmọbìnrin náà mọ̀ pé ọwọ́ òun ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì fi bò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àáké lẹ fi ń gé èékánná yìí o."

Ẹ̀gbọ́n á rẹ́rìn-ín, á tún gbé rorẹ́ míì fún un.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin jórinjórin kan wọlé. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, òun ló sì ni ibi ìjórin ńlá tó wà ní òpópónà kejì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe géètì àti àtẹ̀gùn onírin. Ó ní òun fẹ́ àwòrán gàgàrà tí òun máa gbé kọ́ iwájú ibi iṣẹ́ òun.

"Ó ti sú mi," ó wí. "Èèyàn á wọlé, á bá mi pẹ̀lú irin lọ́wọ́, á ní kí n bá òun pe ọ̀gá. Mo fẹ́ kí wọ́n ti ìta mọ̀ pé èmi gan-an ni."

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò bá a lọ. Ẹ̀gbọ́n yà á bó ṣe ń jórin, àmọ́ ìbòjú dúdú tó fi ń dáàbò bo ojú ti bo gbogbo orí rẹ̀, ẹni tó bá wò ó kò ní mọ̀ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin. Ó ní kó ṣí ìbòjú, kó rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà wá dà bí oníbàárà tó wá gba géètì.

Jórinjórin wo méjèèjì, ó mi orí. "Èyí, èmi kọ́. Ìyẹn náà, èmi kọ́."

"Màmá, ẹ ò kúkú lè jórin láìbojú," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ẹ mú ọ̀kan nínú méjèèjì."

"Ẹ má mú ìkankan, Màmá," Àwòdì dá sí i. "Ẹ jẹ́ kí n pò wọ́n pọ̀."

Nígbà tí wọ́n padà dé ilé ìyàwòrán, ó tẹ́ àwòrán ìbòjú sísàlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó tẹ́ ti ojú lé e bí ẹni tẹ́ aṣọ lé bẹ́ẹ̀dì. Ó wá dín agbára tòkè kù títí ó fi dà bí ọ̀rá, tí tìsàlẹ̀ ń hàn gba inú rẹ̀.

Ẹ̀rín pa ẹ̀gbọ́n. "Iwin lèyí! Oníbàárà tó bá rí i á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ."

Àwòdì náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti rí ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ojú obìnrin náà láti ojú fèrèsé ló ti wá, ìsàlẹ̀ sì ni iná ìjórin wà. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àmọ́ ojú yìí àti iná yìí ò bára wọn sọ̀rọ̀.

"Ẹ gbé kámẹ́rà, ẹ̀gbọ́n mi. À ń padà lọ."

"Ṣé ìwọ lo wá di ọ̀gá mi báyìí?"

"Fún tòní nìkan. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Níbi ìjórin, Àwòdì ti fèrèsé pa, ó gbé iná pupa rẹ́súrẹ́sú kan sórí tábìlì, síbi tí iná ìjórin máa ń wà. "Màmá, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má sì wo kámẹ́rà. Ẹ wo irin yẹn. Ó fẹ́ wọ́ mọ́ yín lọ́wọ́."

Iwájú orí obìnrin náà hunjọ. Ó fi ahọ́n ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan. Kò sẹ́ni tó sọ fún ẹ̀gbọ́n kó tó tẹ kámẹ́rà. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fi aṣọ dúdú bo ẹ̀yìn ibẹ̀, wọ́n sì ya ìpẹ́pẹ́ iná nìkan bó ṣe ń ta.

Lórí kọ̀ǹpútà, Àwòdì fi ojú tuntun náà sínú dígí ìbòjú, ó ń pa etí àwòrán náà rẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí èèyàn ò fi mọ ibi tí dígí parí sí. Ó gbé àwòrán ìpẹ́pẹ́ iná lé gbogbo rẹ̀. Gbogbo ojú kọ̀ǹpútà dúdú bí èédú.

"O ti bà á jẹ́!" ni ẹ̀gbọ́n ké.

"Ẹ ní sùúrù."

Nínú oríṣiríṣi ọ̀nà tí àwòrán lè gbà wọnú ara wọn, ó mú èyí tó máa ń da òkùnkùn nù, tó sì máa ń fi ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀. Kíá ni dúdú yọ́ lọ. Ó ku ìpẹ́pẹ́ iná tó ń fò yí ìbòjú ká, àti ojú obìnrin kan nínú dígí, tó ń wo iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ síwájú sójú kọ̀ǹpútà. "Tú u ká, kó o tún un ṣe," ó wí. "Mo fẹ́ rí bó o ṣe ṣe é."

Nígbà tí jórinjórin dé, ó súnmọ́ àwòrán náà, ó fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú sókè.

"Bàbá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ ló máa ń ṣe báyìí," ó rọra wí. "N ò mọ̀ pé mo jọ ọ́." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó gbọn ara nù. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ kó tóbi dáadáa o. Kó ga jù mí lọ!"

Kò pẹ́ tí wọ́n gbé e kọ́ tí obìnrin kan tó ń wa ọkọ̀ àjàgbé wá sílé ìyàwòrán, tó ń bèèrè ẹni tó ṣe àwòrán jórinjórin. Ẹ̀gbọ́n la ẹnu láti ní òun ni, ó pa á dé, ó sì nawọ́ sí àbúrò rẹ̀.

Àwòdì ti fa àga fún obìnrin náà.

"Ẹ jókòó, Àǹtí. Tí ọkọ̀ yín bá wà lórí eré, kí lẹ máa ń rí níwájú yín?"