Ilẹ̀ tí Wọ́n Gbá Lọ́jọ́ Jímọ̀

Bí Akínbíyì ṣe tẹ bọ́tìnnì náà tán ni ìlà kan lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ bọ́ àwọ̀ ewé sílẹ̀, tó sì di pupa fòò. Ẹ̀ka oògùn ni. Kò tíì mí kanlẹ̀ tí fóònù fi dún.

"Ẹ̀yin ará ọ́fíìsì Onírèké, kí lẹ tún ṣe?" Zùwáírátù ni, obìnrin tó ń pín oògùn ní ilé ìwòsàn kan ní àdúgbò Challenge. "Kọ̀ǹpútà mi ò gbé oògùn kankan jáde mọ́. Àwọn èèyàn ti tò dé ẹnu ọ̀nà."

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀."

"Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti mẹkáníìkì, àbí ti ọmọlúàbí?"

Ọ́fíìsì tí Akínbíyì ti ń ṣiṣẹ́ ló ń bójú tó ètò tí wọ́n fi èdè Java kọ fún ilé ìwòsàn náà. Ẹ̀ka ẹ̀ka ni wọ́n gé ètò ọ̀hún sí: ti káàdì, ti àyẹ̀wò, ti oògùn, ti déètì tó ń ka ọjọ́. Orí pátákó ìṣàkóso, ojú ewé kan lórí kọ̀ǹpútà, ni wọ́n ti ń tan ẹ̀ka kan tí wọ́n sì ń pa òmíràn, láìdí èyí tó kù lọ́wọ́. Ìlà kan ni ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Bó bá ń ṣiṣẹ́, àwọ̀ ewé. Bí kò bá ṣiṣẹ́, pupa.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń dán Akínbíyì wò, ọ̀la ni yóò pé. Àárọ̀ Mọ́ńdè yìí ni wọ́n kọ́kọ́ dá pátákó náà dá a. Ó fi nǹkan tuntun kún ẹ̀ka àyẹ̀wò, ó tẹ bọ́tìnnì tó ń tún gbogbo ẹ̀ka so pọ̀, bí ìwé ṣe wí. Oògùn ló wá kú.

Màdáàmù Oyèṣọlá, ọ̀gá wọn, ti dúró sẹ́yìn rẹ̀. "Ta ló fọwọ́ kàn án?"

"Èmi ni, mà."

"Mo kúkú mọ̀. Tó bá fi di aago méjìlá tí oògùn ò tíì dìde, màá dá gbogbo ẹ̀ dúró, ká tún un tò látìbẹ̀rẹ̀. Káàdì, àyẹ̀wò, gbogbo ẹ̀ ló máa dákẹ́ fún wákàtí méjì. Ìwọ náà á wá máa bá tìẹ lọ lọ́la." Ó wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé.

"Ọmọ Oǹdó, fara balẹ̀," ni Alàájì Nùrẹ́nì wí láti ìdí tábìlì rẹ̀. Òun ni àgbà ọ́fíìsì náà, òun ló kọ́ Akínbíyì ní pátákó. Bàbá náà kì í fẹ́ rí ìdọ̀tí sójú. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kó tó lọ kírun, yóò nu tábìlì rẹ̀ àti ti aládùúgbò.

Akínbíyì tẹ ìlà pupa náà, ìlà náà sì sọ ohun tí oògùn gbára lé tí kò rí: ẹ̀ka déètì, ẹ̀dà kìíní. Ẹ̀dà kejì nìkan ló wà lórí pátákó. Báwo wá ni oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́ di àárọ̀ yìí? Ara rẹ̀ yá gágá, bó ṣe máa ń yá nígbà tí wọ́n bá gbé ohun tó ta kókó fún un ní yunifásítì. Ó ṣí àkọsílẹ̀ pátákó. Wọ́n ti yọ ẹ̀dà kìíní lọ́jọ́ Jímọ̀, aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Orúkọ tó wà níbẹ̀: Nùrẹ́nì.

Ó yé e wàyí. Bí wọ́n bá yọ ẹ̀ka kan, ẹ̀ka tó ti rọ̀ mọ́ ọn kì í jábọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó dà bí ayálégbé tí wọ́n ti ta ilé lé lórí: á ṣì máa sùn níbẹ̀ títí ẹnì kan á fi kanlẹ̀kùn. Bọ́tìnnì Akínbíyì ló kanlẹ̀kùn.

Aago mọ́kànlá àbọ̀. Ẹnu ń yún un. Ṣùgbọ́n ta ni yóò nàka sí ẹni tó tó bàbá rẹ̀ níṣojú ọ̀gá? Ó lọ lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì Alàájì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, àlọ́ kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi já."

"Wọn ò sọ fún ẹ nílé pé a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án?"

"Ẹnì kan gbálẹ̀ ìdáná mọ́ tónítóní. Ó rí òkúta ààrò tuntun, ó bá kó ti tẹ́lẹ̀ dànù. Ìkòkò ò dà lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹlòmíì fọwọ́ kàn án, ó dà."

Alàájì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo ìlà pupa lọ́ọ̀ọ́kán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọjọ́ Jímọ̀," ni ó wí jẹ́ẹ́. "Mo rí méjì, mo ní kí la ń fi èyí tó ti gbó ṣe."

"Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, sà."

"Mo gbọ́ ẹ."

Ó fa kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ yọ. Fílááṣì kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń kó fáìlì pamọ́ sí, so mọ́ ọn. "Mi ò ju nǹkan nù rí. Ohun tí mo bá gbá níbẹ̀, ibí ni mo ń kó o sí."

Akínbíyì dá ẹ̀dà kìíní padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Pátákó gbà wọ́n méjèèjì, bíi bàbá àti ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lágboolé. Ó tan án. Oògùn ṣì pọ́n. Ó padà ṣí ìwé. Àṣé ó yẹ kó tan oògùn náà pẹ̀lú. Ó tẹ̀ ẹ́. Ìlà náà di àwọ̀ ewé.

"Ó ti dé o!" Zùwáírátù ń pariwo lórí fóònù. "Ọmọlúàbí ni yín!"

Nígbà tí Màdáàmù jáde láago méjìlá, Alàájì ló kọ́kọ́ dìde. "Ọ̀gá, èmi ni mo gbálẹ̀ pátákó kọjá bó ṣe yẹ. Ọmọ yìí mọ̀, kò fi mí ṣẹ̀sín."

Màdáàmù wo àwọn méjèèjì, ó wo pátákó, kò sí pupa kankan. "Láti Jímọ̀ tó ń bọ̀ lọ," ó wí, "ẹni tó bá fẹ́ yọ ohunkóhun níbẹ̀, kó kọ́kọ́ bi Akínbíyì."

"Màá bi í," ni Alàájì dáhùn, ó sì fi awò ojú rẹ̀ sójú padà. "Kó ṣáà má pàlọ́ fún mi lọ́sàn-án mọ́."