Àṣẹ Ohùn Màmá Ọbalolúwa

"Sọ fún un pé wọn ò ṣeé kó," ni Ọ̀gá Josiah wí. "Ètò tuntun ò gba nǹkan inú ètò àtijọ́. Ó parí."

Andrew, tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wọn ní Kábbà, wo fíláàṣì ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo àṣẹ ohùn Màmá Ọbalolúwa, akọ̀wé wọn, ló ti wà nínú rẹ̀. Ó kàn ku kó kó wọn sínú ètò tuntun tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀wé ni, iṣẹ́ tí kò tó nǹkan.

"Ṣùgbọ́n, sà, bí kò bá rí wọn lò, kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ọwọ́ rẹ̀…"

"Ta ni ò mọ̀? Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló máa jókòó síbẹ̀. Ìwọ náà ò sì tíì di òṣìṣẹ́ gidi níbí. Àbí o ti di ọ̀kan?"

Andrew ki fíláàṣì náà bọ àpò.

Jàǹbá mọ́tò ọ̀nà Ayétòrò Gbẹdẹ ló pa ọkọ Màmá, ló sì rọ ọ́ láti ọrùn ọwọ́ méjèèjì dé ìka. Ni obìnrin náà bá fi ẹnu ṣe ọwọ́. Ó kọ́ kọ̀ǹpútà pé bí òun bá ti pe orúkọ kan, kó kọ odidi lẹ́tà jáde. Ó wá orúkọ tí kò lè bọ́ sínú lẹ́tà ìjọba láéláé, ló bá lo àwọn èyí tó fi ń pe ará ilé ọkọ rẹ̀, nítorí ìyàwó kì í kúkú dárúkọ wọn gan-an. Eyínfúnjowó, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló ń kọ ìwé ìpàdé. Adúmáadán, ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ló ń ṣí gbogbo lẹ́tà. Àwọn òṣìṣẹ́ á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Màmá, ọkọ yín tún ti wọṣẹ́!" Òun náà á bú sẹ́rìn-ín.

"Wọn ò ṣeé kó, mà," ni Andrew sọ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kò lè wojú rẹ̀.

"Gbogbo wọn? Títí kan Adúmáadán?"

"Gbogbo wọn, mà."

Omi lé ròrò sí i lójú. "Ó dáa. Okun, ọmọ mi," ó kí i bí ará Kábbà ṣe ń kíni. "O kúkú gbìyànjú."

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kó máa lọ sinmi nílé. Lois, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó Ọ̀gá, gba àga rẹ̀. Ọ̀gá ní kí Andrew wá kó nǹkan inú fíláàṣì sórí kọ̀ǹpútà ọmọ náà. Ojú tì í, inú rẹ̀ bà jẹ́, síbẹ̀ ó kó wọn. Wọ́n sì sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ gidi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá yọ lẹ́nu ọ̀nà, àpò ọ̀rá kajú yíyan rọ̀ ní ìgúnpá rẹ̀.

"Andrew, okun o. Mo ní kí n mú èyí wá fún ọ, nítorí wàhálà tó o ṣe lórí mi lọ́jọ́sí."

Lois ò rí i. Ó ti gbẹ́nu lé máíkì.

"Adúmáadán!"

Kọ̀ǹpútà ò mira.

"Adúmáadán! Kí ló dé, ṣé o dití ni? Nǹkan ìránù!"

Lẹ́tà ṣí wàrà.

Màmá wo kọ̀ǹpútà. Ó wo Andrew títí, Andrew sì wolẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, Lois ló bá wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

"Ọmọ mi, má jágbe mọ́ ọn. Kò fẹ́ràn ariwo."

Lẹ́yìn náà ló na ìgúnpá sí Andrew, nítorí kò lè bọ́ àpò náà fúnra rẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí Andrew fi bá a bọ́ ọ.