Ọ̀bẹ Ẹni Tí Kò Tíì Dé

Omi kún inú ilé gàrí wa dé orúnkún, síbẹ̀ iná ń jó lábẹ́ agbada nínú omi náà, kò kú. Èèpo ẹ̀gẹ́ ń léfòó kiri bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Mo wòkè, mi ò rí páànù. Mo wolẹ̀, mi ò rí ẹsẹ̀ ara mi. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí nǹkan ń ha: kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́.

Àwẹ̀ró ni, ìyálé mi. Ọdún kẹfà rèé tí a ti sin ín. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ká ìró sí orúnkún bó ṣe máa ń ṣe, ó gbé ẹ̀gẹ́ lé itan. Ṣùgbọ́n èékánná ló fi ń bó o. Ẹ̀jẹ̀ ti bo ìka rẹ̀.

"Ìyálé mi, kí lẹ ń ṣe yìí? Ọ̀bẹ yín dà?"

"Ìyàwó," ó ní. Ìyàwó ló ń pè mí títí eyín fi tán lẹ́nu mi. "Mo débí, wọn ò fún mi lọ́bẹ. Wọ́n ní orúkọ mi ò sí nínú ìwé."

Inú bí mi, àyà mi gbóná bí ìdí agbada. Àwẹ̀ró kẹ̀? Ẹni tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀!

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe jẹ́. Ọdún tí iná jó abà Agúnrege la bẹ̀rẹ̀ Ẹgbẹ́ Àjọbó, obìnrin méje péré. A ó para pọ̀ bó ẹ̀gẹ́ ẹnì kan lónìí, ti ẹlòmíràn lọ́la, a ó sì bu nínú gàrí náà fún ilé tí ìyà bá kàn. Lójoojúmọ́ tí a bá ń bó, Àwẹ̀ró á ki ọ̀bẹ kan bọ inú òkìtì ẹ̀gẹ́, á gbé àpótí òfìfo sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Ti ẹni tí kò tíì dé nìyẹn." Ẹni tó bá yà, ì báà máa sunkún, á jókòó, á fa ọ̀bẹ yọ, á máa bó. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti di tiwa, gàrí sì ti wà lórí rẹ̀. Báyìí la ṣe di ọgọ́jọ obìnrin ní abà mẹ́sàn-án. A ò wàásù fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀bẹ yẹn ló ń pè wọ́n.

Lẹ́yìn tó kú, Bọ́látitó di alága, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó kó fọ́ọ̀mù dé, ó sì kọ òfin sílẹ̀. Ó ní ẹni tí kò bá sí nínú ìwé, ẹgbẹ́ ò mọ̀ ọ́n rí. Ó kọjú sí mi: "Màmá, ẹ yọ ọ̀bẹ yẹn kúrò níbẹ̀, ìwà ará oko ni."

Òwúrọ̀ òní ni Ṣẹ̀gílọlá dé láti Abà Kútà, níbi tí odò ti gbé ilé wọn lọ. Ìró rẹ̀ tutù, ọmọ mẹ́ta tẹ̀ lé e.

"Ẹ ti gba fọ́ọ̀mù?" Bọ́látitó bi í.

"Fọ́ọ̀mù ti kí ni, mà? Omi ló lé wa dé."

"Ẹ lọ ya fọ́tò, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ fọ́ọ̀mù. Ẹ padà wá lóṣù tó ń bọ̀."

Ẹnì kan ní, "Àbí ẹja ló máa ya fọ́tò fún un?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣẹ̀gílọlá kó ọmọ rẹ̀ lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Mo délé, mi ò lè jẹun, mo fi ìbínú sùn lọ́sàn-án gangan.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ Àwẹ̀ró, mo kígbe: "Bọ́látitó ni, ìyálé mi! Ẹ lọ bá a nílé rẹ̀! Ẹ dẹ́rù bà á kó má lè sùn!"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, jẹ́jẹ́.

"Ìyàwó, ilé Bọ́látitó kọ́ ni mo wá."

Ó na ìka ẹlẹ́jẹ̀ yẹn sí mi. "Ta ló tẹ àtàǹpàkò sí òfin yẹn? Ta ló gbé ọ̀bẹ mi sájà?"

Mo la ẹnu, omi kún un.

Mo jí. Oòrùn ti yẹ̀ díẹ̀. Kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, mo ṣì ń gbọ́ ọ: èékánná èmi fúnra mi ló ń ha ẹní.

Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo gbé e sájà. Láàárọ̀ yìí náà, nígbà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀gẹ́ ni mo ń bó, mi ò gbójú sókè. Ìbínú tí mo rò pé ti Bọ́látitó ni, kò mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ rárá. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé.

Mo gun àpótí pẹ̀lú orúnkún tí kò dára yìí, mo na ọwọ́ sájà. Ọ̀bẹ náà ti dógùn-ún. Mo pọ́n ọn lórí òkúta ẹ̀yìnkùlé títí ó fi dán. Ibẹ̀ ni mo ti rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán lábẹ́ igi máńgòrò, ìyá àti ọmọ mẹ́ta, wọn ò tíì rí ibi lọ.

"Ṣẹ̀gílọlá! Dìde, jẹ́ ká lọ. Ó pẹ́ tí àpótí rẹ ti ṣófo."

Bí wọ́n bá bi mí ní fọ́ọ̀mù rẹ̀, àtàǹpàkò tí mo fi tẹ̀wé wọn rèé. Ọ̀bẹ sì nìyí. Kí wọ́n gé e.