Títí Ara Á Fi Yá

Ní yàrá àyẹ̀wò tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ méjì là ń kọ sórí ìwé èsì: "gbọ́" tàbí "kò gbọ́". Bí oògùn bá pa kòkòrò, a ní ó gbọ́ oògùn. Bí kò bá pa á, kò gbọ́ nìyẹn. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń kọ ọ́, ọkàn mi ò sì gbọgbẹ́ rí, nítorí nọ́ńbà ló máa ń wà lára àwo tí a ń gbin kòkòrò aláìsàn sí, kì í ṣe orúkọ.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo mọ ẹni tó ni àwo. Èmi fúnra mi ni mo gba ọyún tó wà nínú rẹ̀ lójú egbò ẹsẹ̀ ọ̀tún màmá mi. Aránṣọ ni wọ́n, ẹsẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ń tẹ máṣínì. Abẹ́rẹ́ tó já bọ́ sílẹ̀ ni wọ́n tẹ̀. Ó di eéwo, eéwo bẹ́, ó wá ń jẹ wọnú lọ.

Mo ṣí ìdérí. Oògùn mẹ́jọ ni mo tò sínú àwo lánàá, pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnì ẹ̀wù. Èyí tó bá ṣiṣẹ́, àyíká rẹ̀ á mọ́ roro, kòkòrò ò ní hù níbẹ̀. Mo wo èkíní, mo wo èkejì, mo wò ó dé èkeje. Kòkòrò hù yí wọn ká, wọ́n tún ń dán lójú mi, àwọn aláìnítìjú. Ẹ̀kẹjọ nìkan ni àyíká rẹ̀ mọ́ díẹ̀.

Ọ̀gá mi wò ó láti ẹ̀yìn mi. "Ẹ̀kẹjọ yẹn ò sí nílé oògùn wa," wọ́n ní. "Wọ́n ti ń wá a láti oṣù tó kọjá."

Dókítà ní bí a ò bá rí i, lọ́la làwọn máa gé ẹsẹ̀ náà, kí kòkòrò tó wọnú ẹ̀jẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ sọ fún ìyá mi.

"Ìyá Kòkòrò," Màmá kí mi lórí bẹ́ẹ̀dì, bí wọ́n ṣe máa ń fi iṣẹ́ mi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ṣé ó gbọ́?"

"Kò gbọ́, Màmá."

"Olóríkunkun! Ta ló tọ́ kòkòrò yìí gan-an?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Mo sọ fún wọn pé bí a ò bá rí oògùn kan, ẹsẹ̀ yẹn ń lọ. Wọ́n wo ẹsẹ̀ náà títí.

"Oògùn kẹ̀? Kí ló dé tó ò tètè sọ? Gbé báàgì mi wá."

Agolo bisikíìtì kan ni wọ́n fà yọ. Àpò ìwé kéékèèké ló kún inú rẹ̀, kápúsù mẹ́rin nínú òmíì, mẹ́fà nínú òmíì. Mo mọ ìkọ̀wé tó wà lára wọn. Èmi ni mo máa ń bá wọn ra oògùn nígbàkigbà tí eéwo bá yọ sí wọn lára, èmi náà ni mo sì kọ ọ́: *ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, títí ara á fi yá.* Mi ò kọ *títí á fi tán.* Èmi tí mo mọ̀ pé kòkòrò tí oògùn ò bá pa tán ló ń kọ́gbọ́n tó fi ń borí oògùn! Ìkánjú ni. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbórí sókè.

"Bí ara mi bá ti yá, mo máa ń dáwọ́ dúró," Màmá ní. "Mo wá ń tọ́jú ìyókù dè ẹ́, bóyá ìwọ náà á nílò ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ohun tó o kọ ni mo ṣe. Èmi gbọ́ràn ní tèmi." Wọ́n gbé agolo lé mi lọ́wọ́. "Wá a dáadáa, ó lè wà níbẹ̀."

Mo tú gbogbo wọn sórí bẹ́ẹ̀dì. Kò sí èyí tí mi ò tíì kọ "kò gbọ́" sí láàárọ̀ yẹn.

"Ṣó o rí i?"

"Mo ń wá a, Màmá."