Orúkọ Méjì Nínú Ìwé Ahunṣọ

"Issiaka, ahunṣọ," Imorou akọ̀wé pè. Ó tẹ ìka mọ́ ìwé náà kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. "Seidou, ahunṣọ."

Ó ká ìwé náà, ó tì í bọ àpò.

Abẹ́ igi mángòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Tchaourou ni àwọn ahunṣọ ìlú jókòó sí, ẹni mẹ́tàdínlógún. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wọ aṣọ Jímọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọjọ́bọ̀ ni. Ìdì òwú méjì wà lórí tábìlì níwájú wọn, òwú funfun tó ti etíkun wá, ó ń dán bí ohun tí wọ́n fi òróró pa. Káàdì méjì wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ní káàdì yẹn, gáàdì ìjọba kò ní í béèrè owó pàtáǹtì, ìyẹn owó àṣẹ ìtajà, lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ tó bá kó aṣọ lọ sọ́jà, ì báà ṣe ti Tchaourou, ì báà ṣe ti Parakou. Ẹni tí kò bá ní i, tí kò sì rí pàtáǹtì san, wọn yóò gba aṣọ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni tí ìlú dìbò fún pé kó lọ sọ̀rọ̀ fún wọn ní Porto-Novo ló jà fún un, pé kí ìjọba ran àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn jẹun lọ́wọ́.

"Akọ̀wé, ẹ bá wa ṣí ìwé yẹn wò," Tairou wí. Kò tíì ju ẹni ogójì ọdún lọ, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. "Bóyá ojú ewé kan ló lẹ̀ mọ́ ìkejì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Kò lẹ̀ mọ́ra," Imorou dáhùn. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni, kò fi èdè Faransé dá wọn lágara bí àwọn akọ̀wé yòókù. "Wọ́n ní ahunṣọ méjì ló wà ní ìlú yìí. Méjì náà ni mo kọ. Kọ̀mándà tó ń ṣàkóso àgbègbè yìí ti fọwọ́ sí i."

"Ta ló ní méjì ni wá?"

 Imorou wo Issiaka, àwọn tó kù sì bá ojú rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Issiaka ni olórí àwọn ahunṣọ, ẹni ọgọ́ta ọdún. Òun ló máa ń pe ìrun tí ara ladánì kò bá yá. Tí ọ̀rọ̀ bá ta kókó ní àdúgbò, wọ́n á ní, "Ẹ lọ bi Bàbá Issiaka, kì í parọ́."

"Àbí ti ọjọ́ tí a sá kó òfì pamọ́ yẹn ni?" Tairou ní. "Gbogbo wa la jọ ṣe é, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká di ẹrù ọ̀rọ̀ ru Bàbá nìkan. A rò pé ti owó-orí ni. Bí akọ̀wé bá ti là á yé wa pé…"

"Mo là á yé Bàbá," Imorou wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Kò sí èyí tí mo fi sílẹ̀ níbẹ̀."

Tairou yí ojú sí àgbà. "Ó sọ fún yín, Bàbá?"

Issiaka dìde lọ sídìí tábìlì. Imorou gbé ìdì òwú lé e lọ́wọ́. Ó gbé e. Kí ni ì bá tún ṣe?

Oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ yìí ni Imorou gun kẹ̀kẹ́ wọ àdúgbò wọn. Kó tó sọ̀ kalẹ̀, àwọn obìnrin tó ń ti odò bọ̀ ti pariwo, "Ìwé dé o." Nígbà yẹn, ìwé kì í mú ire wọ ìlú. Kíá, wọ́n ti ká òwú tí wọ́n nà gbọọrọ síwájú àtíbàbà, wọ́n tú òfì, wọ́n gbé e jù sínú koríko, oníkálukú sì ki ọkọ́ mọ́lẹ̀. Tairou pàápàá ń ro ibi tí koríko kan kò sí.

"Bàbá, ahunṣọ mélòó lẹ jẹ́ níbí?" Imorou béèrè.

"Èmi àti Seidou àbúrò mi. Àgbẹ̀ ni àwọn tó kù."

Kì í ṣe pé kò nídìí. Lọ́dún tí wọ́n ń gbé ojú irin láti Ṣábẹ̀ bọ̀, ìránṣẹ́ olóyè wá bi Issiaka pé ọkùnrin mélòó ló wà nínú agbo ilé rẹ̀, Issiaka sì kà wọ́n fún un, ó kà wọ́n pé. Méjì ni wọ́n kó nínú wọn lọ fi ipá ṣiṣẹ́ ojú irin. Souradjou, àbúrò Issiaka tó tẹ̀ lé e, kò padà wálé, wọn ò sì sọ ibi tí wọ́n sin ín sí fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà ni Issiaka ti fi í ṣe òfin ara rẹ̀ pé a kì í ka èèyàn fún aláṣẹ.

Ṣùgbọ́n Imorou jókòó tì í lórí ẹní. "Bàbá, ìwé yìí kì í ṣe ti owó-orí. Iṣẹ́ ipá ti parí láti ọdún méje. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ gan-an ni wọ́n fẹ́ ràn lọ́wọ́. A ti kọ ti àwọn alágbẹ̀dẹ ní Tchatchou. Ẹ rò ó dáadáa. Ṣé méjì ni?"

Issiaka gbà á gbọ́. Ibi tó ń dùn ún nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ti gbúròó ti Tchatchou. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn rẹ̀ dúró lókèèrè pẹ̀lú ọkọ́, wọ́n ń wò ó. Ó ti ní méjì ni, tẹ̀sùbáà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé níwájú ọmọdé tí àbígbẹ̀yìn rẹ̀ jù lọ ni yóò ti kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ?

"Méjì ni, wallahi," ó ní.

Nígbà tí wọ́n kírun àṣálẹ́ tán, wọ́n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tairou fún un ní obì. "Bàbá, ẹ gbọ́n ju ìwé lọ." Ó jẹ obì náà. Kò sọ ohun tí Imorou sọ fún ẹnikẹ́ni, lọ́jọ́ náà àti lọ́jọ́ mìíràn.

Hawaou ìyàwó Issiaka ń ya òwú nígbà tó gbé ìdì náà wọlé ní Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ó fi ìka kàn án, ó nu ìka náà mọ́ ìró rẹ̀.

"Òun náà nìyí?"

"Òun ni."

"Ìyàwó Tairou wá síbí lánàá. Ó ní kí n bá òun ṣàdúrà kí orúkọ ọkọ òun jáde. Mo ṣe àmín, Bàbá Safiatou. Orúkọ náà ò sì sí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Ẹ̀rù ló bà mí, Hawaou."

"Lọ́jọ́ kìíní, ẹ̀rù ni. Oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ńkọ́?"

Kò gbé ohùn sókè. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ìlú wọn, ẹnì kan kì í dá na òwú tuntun. Tí wọ́n bá ti rí i pé o gbé òwú síta, gbogbo ahunṣọ a fi tiwọn sílẹ̀ wá bá ọ fà á, títí yóò fi gún láti ìdí òfì dé ibi òkúta tó ń fà á. Nítorí náà ni Issiaka ṣe jí ní kùtùkùtù lọ́jọ́ kejì, òun àti Seidou, kí wọ́n lè parí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jáde.

Tairou ló kọ́kọ́ dé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ẹ ò pè wá."

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tó kù ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kí i, wọ́n béèrè ara Hawaou, wọ́n di òwú mú. Kò sẹ́ni tó pòwe. Òwú Òyìnbó náà ń gba ọwọ́ wọn kọjá, ọwọ́ ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí gáàdì lè gba aṣọ tiwọn lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀.

"Ó le dáadáa," Tairou wí. "Kì í já bíi tiwa."

"Tairou."

"Bàbá."

"Bú mi."

Tairou ń wo òwú ọwọ́ rẹ̀. "Kí ni mo fẹ́ bú yín sí? Ẹ jẹ́ ká parí kí oòrùn tó mú."

Ojú ti Issiaka. Ó fi orí òwú lé Seidou lọ́wọ́, ó sì kúrò níbẹ̀ láìwọ bàtà.

Imorou wà nínú yàrá kékeré kan ní ibùdó, ó ti di ẹrù rẹ̀, ó ń retí ọkọ̀ Parakou. Ó dìde nígbà tó rí ẹsẹ̀ àgbà náà.

"Mo wá sọ àwọn orúkọ," Issiaka wí. "Mẹ́tàdínlógún ni wá."

Imorou mí kanlẹ̀. "Mo mọ̀, Bàbá. Tairou ń ro ilẹ̀ tí kò sí koríko." Ó fa ìwé yọ. "Mi ò lè ṣèlérí pé wọ́n á gbà á. Kọ̀mándà á béèrè bí méjì ṣe di mẹ́tàdínlógún, ó sì ti pàṣẹ pé ìwé tí a bá tún ṣe, ojú ọjà la ó ti kà á, ní èdè ìlú. N ó kọ pé ẹ gbàgbé. Àgbà a máa gbàgbé nǹkan. Kò sẹ́ni tó máa bi yín."

 Ilẹ̀kùn rèé, ó ṣí sílẹ̀, ọ̀wọ̀ sì ni ọmọdé yìí fi ṣí i fún Issiaka.

"Ta ló ń gbàgbé àwọn tó ń jókòó tì í lójoojúmọ́?" ó wí. "Kọ ọ́ pé o ṣàlàyé fún mi. Ó yé mi, mo sì búra èké. Kọ ọ́ pé mi ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀."

Gègé Imorou dúró lókè ìwé. "Bàbá, gbogbo ọjà ló máa gbọ́ ọ. Ẹ bá kúkú lọ sóko lọ́jọ́ náà."

"Rárá. N ó wà níbẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ béèrè nǹkan, èmi ló yẹ kó bi."

Imorou kọ ọ́. Ìgbà tó kọ ọ́ tán, ó kà á fún un, kò sì fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú ohun tó sọ. Issiaka tẹ ìka rẹ̀ sínú yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Lẹ́yìn náà ó fa àpótí kan, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ènìyàn rẹ̀ fún aláṣẹ, Tairou lákọ̀ọ́kọ́. Ó ń pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ baba wọn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí akọ̀wé lè ráyè kọ ọ́ dáadáa.