Àkísà Inú Sẹ́líkà

Nǹkan kan há mọ́ ẹnu asẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa ọ́ìlì. Rufus, tó dùbúlẹ̀ sórí páálí lábẹ́ ọkọ̀, kọ́kọ́ rò pé ìdọ̀tí lásán ni. Ó ti tú páànù ọ́ìlì sọ̀ kalẹ̀, ọ́ìlì dúdú ṣì ń kán sí i láyà. Ó na ìka méjì sókè, ó fa nǹkan náà, kò jáde. Ó tún fà á, ó sì já bọ́ sí i lójú, ó tutù, ó rọ̀.

Ó yí jáde síta, ó fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́ nínú agolo. Bí dúdú ara rẹ̀ ti ń ṣí ni àwọ̀ ń yọ: ilẹ̀ pupa tó ti ṣá, ẹyẹ òkín lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà mẹkáníìkì náà ní Ìkàrẹ́ tí kò mọ aṣọ yìí. Ìró Mọ́júbọ́lá, ìyàwó Rufus, ni. Nígbà tó gbó, obìnrin náà gé e sí wẹ́wẹ́ kí ọkọ rẹ̀ lè máa fi nu ọwọ́, àwọn ará ọgbà sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Rufus nìkan ni mẹkáníìkì tó ń nu ọwọ́ sára òkín.

Ó ká àkísà náà mọ́ inú ọwọ́, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí ẹni tó ń wò ó. Ṣùgbọ́n ìtìjú ò dúró de ẹlẹ́rìí. Ó bo Rufus láti orí dé ẹsẹ̀, ọkùnrin náà sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì nìkan ni àkísà yẹn bà jẹ́, ì bá rọrùn. Orúkọ Zachariah, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló bà jẹ́.

Ọkọ̀ náà, Sẹ́líkà onílẹ̀kùn méjì, ti Ìyá Ọlálẹ́yẹ ni, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ní Ọ̀kà. Ìgbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́ ló rà á, wọ́n sì ń sọ ọ́ títí dòní pé bí Mísìs Lucy, bí wọ́n ti ń pè é nígbà náà, bá ń gun òkè Ọ̀kà bọ̀, ewúrẹ́ pàápàá a máa yà fún un. Ẹ́ńjìnnì tí ọkọ̀ náà bá wá ti kú tipẹ́, wọ́n sì ti fi kékeré kan rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì ni ìyá náà wá bá Rufus. Ó ní, "Irú èyí tó bá a dé ni mo fẹ́, oníkáàmù méjì alágbára yẹn. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí òkè lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ojú mi tó di ojú tí kò lè wa ọkọ̀ mọ́."

Rufus àti Zachariah ni wọ́n jọ wá ẹ́ńjìnnì náà kiri. Zachariah, ọmọ Ọ̀kà, ló ni ẹ̀rọ léètì tí gbogbo mẹkáníìkì agbègbè náà ń gbé irin lọ fún kó bá wọn lọ̀ ọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni òun àti Rufus ti ń ṣọ̀rẹ́. Wọ́n dé Ọ̀wọ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Òkè-Àgbè ni wọ́n ti bá òkú Sẹ́líkà kan lẹ́yìn ilé opó kan tó ń jẹ́ Àsàmáù. Adìyẹ ti fi abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe ilé.

"Ẹ gbé irin yín," ni obìnrin náà wí, "ṣùgbọ́n adìyẹ mi wà lórí ẹyin. Bí ẹ bá lé e dìde, ẹ̀yin lẹ máa sàba."

Zachariah ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé adìyẹ náà tẹyintẹyin sínú rẹ̀, ó sì gbé e sí ibòji títí wọ́n fi tú ẹ́ńjìnnì tán. Wọ́n rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ náà dé Ìkàrẹ́. Fìlà kò tún wúlò mọ́.

Zachariah ló lọ kiráńkì, irin gbọọrọ tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, ó sì dán débi pé èèyàn lè fi í wo ojú. Rufus ló tò ó pọ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́ eruku lọ́jọ́ tó ń tò ó, ló bá mú àkísà kan, ó fi dí ihò ara ẹ́ńjìnnì kí eruku má bàa wọlé. Gbogbo wọn ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Yíyọ rẹ̀ ni èèyàn kò gbọdọ̀ gbàgbé.

Ọkọ̀ náà jí, ó ké bí ìgbà èwe rẹ̀. Ìyá Ọlálẹ́yẹ wà á yí Ìkàrẹ́ ká, ó ń nu ojú bí ẹni tí eruku kó sí lójú. Àmọ́ nígbà tó dorí kọ Ọ̀kà, àárín òkè gan-an ni ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í nọ́ọ̀kì, kò, kò, kò, bí ẹni ń fi òòlù kan ilẹ̀kùn láti inú, ó sì kú. Wọ́n fà á padà wá sí ọgbà. Ìyá náà wo Rufus níwájú gbogbo ènìyàn, ó ní, "Rufus, ọwọ́ ta ni?"

Kò ì tíì tú nǹkan kan. Ì bá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnu rẹ̀ ló ṣáájú ọwọ́ rẹ̀.

"Ọwọ́ Zachariah ni, Mà. Kò lọ kiráńkì yẹn dáadáa."

Ẹyin lohùn. Ọ̀rọ̀ di ti ẹgbẹ́ mẹkáníìkì. Òkìtì irin àtijọ́ kan wà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà náà tí wọ́n ń pè ní ojú Ògún. Bí ẹjọ́ iṣẹ́ bá ṣẹlẹ̀, ẹni tó fẹ̀sùn kan ènìyàn àti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ni yóò fi ètè kan sípánà ẹgbẹ́ níbẹ̀, ì báà ṣe onígbàgbọ́, ì báà ṣe Mùsùlùmí. Rufus ń kọrin nínú kúáyà lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣùgbọ́n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ètè kan irin, ó ní, "Bó bá jẹ́ ọwọ́ mi ni, kí Ògún dá mi lẹ́jọ́." Zachariah kọ̀ ní tirẹ̀. Ìjọ Àpọ́sítélì ló ń lọ, ó ní òun kì í búra, bẹ́ẹ̀ ni òun bẹ́ẹ̀ ni ni, bẹ́ẹ̀ kọ́ òun bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Rufus fúnra rẹ̀ ló mú sípánà náà tó tì í sí i lẹ́nu. Irin kan eyín rẹ̀, gbogbo wọn gbọ́ ọ. Zachariah nu ẹnu, ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ. Wọ́n ní ẹni tó sá fún irin ti jẹ̀bi, wọ́n sì pàṣẹ pé mẹkáníìkì kankan ò gbọdọ̀ gbé iṣẹ́ fún un mọ́.

Nísinsìnyí, àkísà rèé.

Rufus gbé e lọ bá Ògúnsúyì, alága ẹgbẹ́, nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bàbá náà wò ó títí.

"Ta ló rí i?"

"Èmi nìkan, bàbá. Àti ẹ̀yin."

"Ṣáná sí i."

"Bàbá?"

"Mo ní kí o ṣáná sí i. O ti fi ètè kan irin. Ẹni tó bá búra èké lójú Ògún, ìdí àwọn táyà lẹ́yìn lọ́hùn-ún ni yóò máa jókòó sí nípàdé, kò sì ní la ẹnu níbẹ̀ mọ́. Bí a ti bá a nìyẹn. Àwa tá a dá ẹjọ́ ńkọ́? Gbogbo Àkókó á ní a ò mọ iṣẹ́, a ò sì mọ ẹjọ́. Zachariah á rí nǹkan mìíràn ṣe. Ọkùnrin ni."

Rufus ní òun dúpẹ́. Ó tilẹ̀ yọ ìṣáná. Pẹtiróòlù wà lára aṣọ náà, kò ní í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ kí ó tó jó tán. Ó di igi ìṣáná mú, ó sì rántí adìyẹ tó jókòó nínú fìlà. Ó fi àkísà sí àpò.

Lọ́jọ́ kejì ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀kà. Ohun tó ń rò lọ́nà ni pé bí òun bá lè bẹ Zachariah nínú ilé, tí àwọn méjèèjì sì jọ gbé e mì, kò ní í dé etí ẹlòmíràn. Ó mọ̀ pé ìrònú ojo ni. Ó ṣì ń rò ó títí ó fi bọ́ sílẹ̀.

Ó bá Zachariah níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí àpótí, ó ń fi fáìlì pọ́n àdá fún àwọn àgbẹ̀ Ṣúpárè. Wọ́n ti fi tapólì bo léètì lẹ́yìn rẹ̀, eruku sì ti bo tapólì. Ọwọ́ tó lọ kiráńkì tó dán bí dígí ló ń pọ́n àdá. Bí ilẹ̀ bá là lákòókò yẹn, Rufus ì bá wọ̀ ọ́ láìwẹ̀yìn.

"Rufus," ni Zachariah wí. Kò dìde. Ó yíjú sínú ilé, ó fi èdè Ọ̀kà bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Rufus, ọmọ Ìkàrẹ́, kò gbọ́ ọ tán, ó sì dá a lójú pé òun ni wọ́n ń bú. Àṣé omi ni ọkùnrin náà ní kí wọ́n bu wá fún àlejò. Obìnrin náà gbé e wá, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, bàbá Ìbílọlá." Rufus gbé omi náà kalẹ̀ láì mu ún.

Ó yọ àkísà náà, ó tẹ́ ẹ sórí itan.

"Aṣọ Mọ́júbọ́lá," ni Zachariah wí.

"Òun ni."

"Níbo lo ti rí i?"

"Lẹ́nu asẹ́ ọ́ìlì. Èmi ni mo fi dí ihò, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ò rí ọ́ìlì mu lórí òkè. Kiráńkì tí o lọ̀ kò ní àléébù kankan. Zachariah, jọ̀ọ́, foríjì mí."

Zachariah fa fáìlì lára àdá, ó tún fà á. "Ta ló tún mọ̀?"

"Alága."

"Kí ló wí?"

"Ó ní kí n ṣáná sí i."

"Ìwọ ńkọ́? Kí ni o wí fún un?"

Dídúpẹ́ ni Rufus dúpẹ́ lọ́wọ́ alága.

Zachariah mú àkísà náà, ó ká a, igun mọ́ igun, ó dá a padà fún un. "Irin tí o tì sí mi lẹ́nu, ṣé inú ilé yìí lo ti tì í sí mi lẹ́nu?"

"Rárá."

"Ojú ta ni?"

"Ojú gbogbo ọgbà."

"Ó dáa. Èmi ò bá ọ jà o. Bí ebi bá ń pa ọ́, iṣu wà lórí iná. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ inú kọ̀rọ̀ yìí, máa gbé e lọ. Mi ò ní ibi tí mo máa fi í sí."

"Sátidé ni ìpàdé," ni Rufus wí.

"Wọ́n ti lé mi níbẹ̀." Zachariah mú àdá mìíràn.

Nígbà tó di Sátidé, Ìyá Ọlálẹ́yẹ náà wà níbẹ̀. Ó wá gbọ́ ibi tí wọ́n fẹ́ gbé kiráńkì òun lọ, nígbà tí wọn ò lọ sí Ọ̀kà mọ́. Àwọn ará ọgbà jókòó yí òkìtì irin ká. Wọ́n sọ̀rọ̀ gọ́tà, wọ́n sọ̀rọ̀ ẹni tó ń da ọ́ìlì sílẹ̀. Rufus ò gbọ́ ìkankan. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ, bẹ́ẹ̀ ikú ò sí nítòsí tó lè bẹ̀.

"Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ mìíràn," ni Ògúnsúyì wí, ó ń wo Rufus, "ẹ jẹ́ ká ṣe àdúrà."

Rufus dìde. "Ọ̀rọ̀ wà, bàbá."

"Èyí tó bá lè dúró, jẹ́ kó dúró."

"Kò lè dúró mọ́, bàbá. Ẹ máa bínú."

Ó rìn lọ sídìí òkìtì irin, ó tẹ́ àkísà náà sórí rẹ̀. Ẹnìkan ti ń ṣe bí ìṣe wọn, ó ní, "Òkín dé," ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí i pé ẹnikẹ́ni ò bá òun rín in.

"Mà, ẹ bi mí pé ọwọ́ ta ni," ni Rufus wí fún Ìyá Ọlálẹ́yẹ. "Ọwọ́ mi ni. Inú ẹ́ńjìnnì yín ni mo ti fa èyí yọ. Mo fi ètè kan irin yìí láìtíì wo abẹ́ ọkọ̀, mo sì tì í sí Zachariah lẹ́nu. Èmi tí mo búra ni mo purọ́. Òun tí kò búra ló ń sọ òótọ́."

Ìyá Ọlálẹ́yẹ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wò ó bí olùkọ́ ti ń wo ọmọ tó gbọ́n jù ní kíláàsì tó sì jí ìwé wò. Ì bá sàn fún Rufus bó bá bú u. Rufus gbé àga rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó kọjá láàárín wọn, ó lọ jókòó nídìí àwọn táyà.

Ògúnsúyì wúkọ́. "Ọ̀nà Ọ̀kà ti ṣí," ló wí. "Ẹjọ́ náà, àwa la dá a. Kí gbogbo wa gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

Ìgbà náà ni àwọn tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í sún àga. Zachariah ló ń wọlé bọ̀. Ó ti gbé ọ̀kadà rẹ̀ sábẹ́ máńgòrò lóde láti ìgbà tí ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí kò dé etí rẹ̀. Ẹnìkan kí i, kò dáhùn. Ó dé ìdí òkìtì irin, ó fi ìka méjì mú àkísà náà láìjẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kan irin, ó gbé e gba àárín gbogbo wọn kọjá lọ sí ẹ̀yìn, ó sì fi í lé Rufus lórókún.

"Gba aṣọ ìyàwó rẹ," ló wí, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. "Má tún gbàgbé rẹ̀ síbì kankan mọ́. Lọ́jọ́ Ajé, gbé kiráńkì yẹn wá."

Rufus la ẹnu láti dúpẹ́, ó sì rántí pé ẹni tó jókòó nídìí táyà kì í sọ̀rọ̀ nípàdé. Ó pa ẹnu dé. Ó ká aṣọ náà, igun mọ́ igun, bó ti rí i tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe é, ó sì dì í mú títí ìpàdé fi tán.