Ewé Tó Ń Yíni Bí Òkòtó

"Trásos, má jẹ ẹ́ mọ́!"

Ọkọ Poliséni ti gbé òkèlè tó kẹ́yìn mì nínú píta náà, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ewé sínú rẹ̀. Ó nu irùngbọ̀n. "Kí ló dé? Ta ló ní ká má jẹ píta ewé nínú àwẹ̀ Lẹ́ntì?"

Poliséni na ohun tó mú dání sí i. Pòròpórò ewé kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó bá nínú ìdọ̀tí ewé tó gé láàárọ̀. Àmì pupa bí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀. Ó ń rùn bí ìtọ̀ eku. Mirónì, ewé jíjẹ tó máa ń já létí odò fún píta, kì í ní àmì. Ojú rẹ̀ tó ti ń ṣe bàìbàì ni kò rí i. Eyín tó ń dùn ún ni kò jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ tíì fẹnu kan píta náà.

"Kónio ni," ó wí.

Tíṣà ni Trásos kó tó fẹ̀yìn tì. Ó mọ̀ ọ́n.

"Èyí tí wọ́n fi ń pa ọ̀daràn láyé àtijọ́? Tó bá jẹ́ híhanrun mi ló sú ẹ, o ò kúkú sọ."

"Má ṣàwàdà."

Poliséni pe ilé ìwòsàn. Dókítà ní kó mú un fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, kó máa bá a sọ̀rọ̀, kó máa ṣọ́ èémí rẹ̀. Ọkọ̀ pàjáwìrì ti gbéra ní ìlú Kalamáta. Ọ̀nà òkè Máni tí wọ́n ń gbé sì jìn.

"Sọ̀rọ̀, Tíṣà."

"Kí n sọ kí ni?"

"Ohun tí o máa ń kọ́ àwọn ọmọ."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Conium ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é káàkiri ayé. Inú èdè wa ni wọ́n ti mú orúkọ náà. Àwọn kan ní inú ọ̀rọ̀ tí àwọn baba wa ń lò fún yíyí bí òkòtó ló ti wá. Òòyì á kọ́ ẹni tó bá jẹ ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wá kú." Ó di ibùsùn mú. "Poliséni. Àjà ń yí."

Poliséni bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ọkọ rẹ̀. Ó já a léèékánná ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ.

"Ṣé o fẹ́ já mi léèékánná ni?" Trásos wí. "Já mi, jọ̀ọ́. Mò ń dúró."

Poliséni fi aṣọ bo ẹsẹ̀ náà.

"Mo ti rò ó tì. Tún ìtàn orúkọ yẹn sọ. Látìbẹ̀rẹ̀."

Fèrè ọkọ̀ kan dún ní ìsàlẹ̀ òkè. Poliséni kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ pàjáwìrì tiwọn ni. Trásos bẹ̀rẹ̀. Poliséni gbé etí lé àyà rẹ̀, ó ń tẹ́tí sí èémí, kì í ṣe ọ̀rọ̀.